Ṣáàfù aláfẹ́fẹ́ tàbí ṣáàfù oníkóònù: èwo ló yẹ ẹ̀rọ tó ń ká ọ̀rá sí róòlù?

ÌyáỌlọ́rá_Idu

Mo kí gbogbo ilé o. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni mo ní ní Idu, níbí ní Abuja. A ń ṣe ọ̀rá, a ń tẹ orúkọ àwọn oníbàárà sí i lára, a sì ń ká a sí róòlù fún àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá láti Kubwa títí dé Lokoja. Ẹ̀rọ méjì tó ń ká a ṣì ń lo ṣáàfù àtijọ́: ọ̀pá irin gbọọrọ tí a ń tì bọ inú páìpù páálí, tí a ó wá fi kóònù irin (irin tí orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìdí rẹ̀ sì fẹ̀) fún páìpù náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí a tó fi sípánà di bóòtù wọn.

Ohun tó gbé mi wá ni pé àwọn oníbàárà ti ń dá róòlù padà. Wọ́n ní bí ẹ̀rọ tiwọn bá ń fa ọ̀rá, inú róòlù a máa yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí orí ìgbín, ọ̀rá a sì wọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo dúró ti ẹ̀rọ wa, mo rí i pé páìpù páálí ń yọ̀ lórí ṣáàfù bí róòlù bá ti tóbi, pàápàá tí òpìrétọ̀ bá dá ẹ̀rọ dúró lójijì. Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀rọ ní Kánò ní kí n pa oníkóònù tì, kí n ra ṣáàfù aláfẹ́fẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kí n tó náwó, mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí sọ fún mi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, irú èyí tó yẹ ọ̀rá, àti bóyá a lè tún un ṣe níhìn-ín bí ó bá bàjẹ́, láìjẹ́ pé a ń retí ẹrù láti òkè òkun.

Ẹnjinníà_Sharada

Ẹ kú ìdààmú, mà. Kánò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, oríṣi ṣáàfù méjèèjì ni mo sì ń bá pàdé.

Ṣáàfù aláfẹ́fẹ́ jẹ́ ọ̀pá irin tàbí alumíníọ̀mù tí inú rẹ̀ ṣófo, tí túbù rọ́bà wà nínú rẹ̀. Wọ́n lu ojú ihò sí ara ọ̀pá náà ní ìlà-ìlà, wọ́n sì fi eyín kọ̀ọ̀kan sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi ìbọn afẹ́fẹ́ kan fáàfù tó wà ní ìdí ṣáàfù, túbù a wú, a sì ti àwọn eyín síta títí wọn yóò fi tẹ ara páìpù páálí láti inú, yíká-yíká. Bí a bá tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀, sípíríǹgì a fa eyín wọlé, róòlù a sì yọ wẹ́rẹ́ láìlo òòlù tàbí sípánà. Púpọ̀ nínú wọn kò nílò ju afẹ́fẹ́ báà 6 lọ, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 87 lórí géèjì tí àwọn tó ń fẹ́ táyà ń lò.

Ní ti yíyọ̀ tí ẹ sọ, ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ká ní ọ̀rá ń fà pẹ̀lú agbára tó tó ìwọ̀n kílò 10, róòlù sì ti tóbi dé sẹ̀ǹtímítà 60 láti etí kan dé èkejì. Láti àárín róòlù dé ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, ṣùgbọ́n láti àárín yẹn kan náà dé inú páìpù oní-íǹṣì 3 kò ju sẹ̀ǹtímítà 3.8 lọ. Nítorí pé ibi tí ṣáàfù ti di páìpù mú sún mọ́ àárín tó bẹ́ẹ̀, agbára tí yóò fi dì í mú kí ó má yọ̀ gbọ́dọ̀ tó kílò 79. Nígbà tí róòlù ṣì wà ní sẹ̀ǹtímítà 20, kílò 26 péré ti tó. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ kò fi rí wàhálà ní ìbẹ̀rẹ̀ róòlù. Bí ó bá jẹ́ páìpù oní-íǹṣì 6 ni ẹ ń lò, kílò 79 yẹn a wálẹ̀ sí nǹkan bí 39. Dídúró lójijì tún wá burú ju gbogbo èyí lọ, torí pé róòlù tó ti wúwo ṣì fẹ́ máa yí nígbà tí ṣáàfù ti dúró.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ rà á.

Tánà_Kakuri

Ẹnjinníà, ìṣirò rẹ gún régé, ṣùgbọ́n o ti sáré dé ọjà kí a tó mọ ohun tó ń ṣe ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀. Kaduna ni mo wà, léètì, ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin bí ó ti ń yí, ni iṣẹ́ mi, láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ṣì kún Kakuri fọ́fọ́ ni mo sì ti ń gé etí ṣáàfù fún àwọn tó ń ká nǹkan. Oníkóònù kì í ṣe ẹrù tí kò wúlò. Bí róòlù kan ṣoṣo bá wà lórí ṣáàfù, tí páìpù rẹ̀ nípọn, tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ gún, tí bóòtù kóònù sì mú dáadáa, ó lè gbé róòlù tó wúwo gan-an láìyọ̀.

Ibi tí kóònù ti ń jáni kulẹ̀ ni pé ẹnu páìpù nìkan ló ń dì mú. Bí ẹnu náà bá ti fẹ̀ nítorí pé wọ́n ti lò ó rí, tàbí tí páálí rẹ̀ ti rọ̀, kóònù a máa wọlé síwájú sí i ni, kò ní mú. Bí wọ́n bá sì to róòlù méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn lórí ṣáàfù kan, kóònù kò lè dé ẹnu àwọn páìpù tó wà láàárín rárá. Ìfarakanra páìpù pẹ̀lú páìpù nìkan ló ń gbé wọn yí.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ẹ ra nǹkan. Róòlù mélòó ló ń wà lórí ṣáàfù kan lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé páìpù tuntun ni ẹ ń lò ni, àbí èyí tí àwọn oníbàárà dá padà? Ẹ fi ohun ìwọ̀n wọn inú páìpù bíi mẹ́wàá kan, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí.

ÌyáỌlọ́rá_Idu

Ẹ ṣé, bàbá. Róòlù méjì ló máa ń wà lórí ṣáàfù kan, torí pé a ń la ọ̀rá náà sí méjì kí ó tó dé ibi tí a ti ń ká a. Àwọn páìpù tí wọ́n dá padà la ń lò ní ìgbà púpọ̀, torí páìpù tuntun wọ́n. Mo ní kí ọmọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ wọn mẹ́wàá. Èyí tó kéré jù jẹ́ mìlímítà 76, èyí tó fẹ̀ jù sì lé díẹ̀ ní 79 ní ẹnu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín rẹ̀ ṣì jẹ́ 76. Mo tún ṣàkíyèsí pé etí tó wà láàárín àwọn róòlù méjèèjì gan-an ló máa ń yọ síta jù.

Tánà_Kakuri

Ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn. Kóònù yín di ẹnu òde mú, ẹnu tó wà láàárín kò sì ní olùdìmú kankan. Nígbà tí róòlù bá ti tóbi, àwọn méjèèjì a yọ̀ ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra, ọ̀rá a sì dẹ̀ nínú ọ̀kan ju èkejì lọ. Lórí iṣẹ́ róòlù méjì, mo gbà pẹ̀lú Ẹnjinníà pé ṣáàfù aláfẹ́fẹ́ dára jù, nítorí pé eyín rẹ̀ wà láti ìdí dé orí, yóò sì mú páìpù kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ẹnu páìpù tó dé 79 yẹn kò ní ṣe é ní nǹkan pàtàkì, níwọ̀n ìgbà tí àárín rẹ̀ bá ṣì dára.

Alátẹ̀wé_Jos

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀ náà, oríṣi ṣáàfù aláfẹ́fẹ́ kò jẹ́ ọ̀kan. Lébẹ̀lì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò àti páálí ni èmi ń tẹ̀, mo sì ti lo mẹ́ta nínú wọn.

Eléyín ni ó wọ́pọ̀ jù, òun ló sì rọrùn jù láti tún ṣe, torí pé a lè yọ eyín kan ṣoṣo tó bàjẹ́ ká sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Eyín irin tó ní ojú kéékèèké a máa jẹ páálí dáadáa, ṣùgbọ́n lórí páìpù oníke, eyín tí wọ́n fi rọ́bà bò ló dára jù, nítorí pé inú páìpù oníke máa ń dán. Àléébù eléyín ni pé ojú ibi kéékèèké ló ń tẹ̀, páìpù tí kò bá nípọn a sì lè ṣẹ́ tàbí kí ó ní ibi tó wú síta. Ó tún wà níbẹ̀ pé kì í gbé páìpù sí àárín gangan: bí róòlù bá wúwo, eyín ìsàlẹ̀ a wọlé díẹ̀, ti òkè a yọ síi, róòlù a sì máa fì nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sáré.

Èkejì ni oníabala, èyí tí gbogbo ara rẹ̀ pín sí irin pẹlẹbẹ gígùn tó ń ṣí síta papọ̀. Ó ń tẹ inú páìpù ní ojú tó fẹ̀, ó sì ń gbé e sí àárín ju ti eléyín lọ, ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn oníṣẹ́ ìtẹ̀wé fi fẹ́ràn rẹ̀ lórí páìpù tó fẹ́lẹ́. Ẹ̀kẹta ni ọlọ́já, tí rọ́bà gígùn ń yọ jáde láti inú ihò gígùn. Ó fúyẹ́, túbù rẹ̀ sì pín sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá bẹ́, a lè pààrọ̀ òun nìkan.

Ẹ fi owó abala pamọ́ ní tiyín, mà. Ẹ̀rọ tó ń ká ọ̀rá omi kì í sáré débi tí fífì díẹ̀ yóò fi ba nǹkan jẹ́, páìpù yín sì nípọn. Eléyín ti tó.

Ẹnjinníà_Sharada

Mo fara mọ́ ọn pé eléyín tó. Kí n fi kún un, nítorí àwọn tó ń bẹ̀rù pé afẹ́fẹ́ kò lè ní agbára bíi bóòtù. Ẹ wo ọ̀já rọ́bà kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, tó sì gùn ní mítà 1. Ojú tó fi ń tẹ nǹkan, bí a bá pín in sí àpótí kéékèèké onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, yóò jẹ́ àpótí 200. Afẹ́fẹ́ báà 6 a máa tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nǹkan bí kílò 6. Kílò 1,200 nìyẹn láti ara ọ̀já kan ṣoṣo, nígbà tó jẹ́ pé kílò 79 la ń wá.

Nítorí náà, bí páìpù bá ń yọ̀ lórí ṣáàfù aláfẹ́fẹ́, àìtó agbára kọ́ ló sábà máa ń fà á. Eyín kò kan páìpù ni. Ó lè jẹ́ pé páìpù ti fẹ̀ ju ibi tí eyín lè yọ dé, tàbí pé eruku páálí ti di ojú ihò kí eyín má lè jáde tán, tàbí pé túbù ń jò láìsí ẹni tó mọ̀. Ara ṣáàfù tí wọ́n ṣe fún páìpù oní-íǹṣì 3 sábà máa ń jẹ́ bíi mìlímítà 74 nígbà tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, inú páìpù náà sì jẹ́ bíi 76. Mìlímítà mélòó kan péré ni eyín ń rìn. Mo ti rí àwọn tó ń fi kún afẹ́fẹ́ títí dé báà 9 lérò pé yóò mú, tó jẹ́ pé páìpù tó ti fẹ̀ ló yẹ kí wọ́n jù nù.

Òpìrétọ̀_Challawa

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí láàyè láti sọ èyí tó kan àwa tí a ń fi ọwọ́ ṣe é. Ilé-iṣẹ́ tíṣù ni mo wà, ṣáàfù aláfẹ́fẹ́ nìkan la sì ń lò.

Ohun tó ń pa túbù jù ni kí ènìyàn fẹ́ ṣáàfù nígbà tí páìpù kò sí lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ tuntun máa ń ṣe é láti fi wò bóyá eyín ń jáde. Nítorí pé kò sí ohun tó dá eyín dúró, túbù a wú kọjá ààlà, a fún gba ẹ̀gbẹ́ eyín, yóò sì bẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé páìpù tó kúrú ló wà lórí ṣáàfù gígùn, ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ ní apá tó ṣófo. Ní ilé-iṣẹ́ wa, a gé páìpù irin kan tó gùn tó ṣáàfù, òun la sì máa ń fi bò ó kí a tó dán an wò.

Ohun kejì ni eruku. Tíṣù ń sọ eruku púpọ̀, páálí náà sì ń sọ tirẹ̀. A máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti afẹ́fẹ́ gbá ojú ihò eyín ní ìparí iṣẹ́. A kì í ta ọ́ìlì tàbí gíríìsì sí i, nítorí pé ọ́ìlì ń jẹ rọ́bà, eruku sì ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ti pípààrọ̀ túbù, kò le rárá lórí eléyín oní-túbù kan. A ó tú bóòtù ìdí ṣáàfù, a ó so okùn mọ́ ìdí túbù àtijọ́ kí a tó fà á jáde, kí okùn náà lè wà nínú ṣáàfù láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. A ó wá fi okùn yẹn kan náà fa túbù tuntun wọlé. A máa ń pa àtíkè sí ara túbù tuntun kí ó lè yọ̀ wọlé láìlọ́. Bí a kò bá mọ ibi tó ń jò, omi ọṣẹ ni a ń fi sí ẹnu fáàfù ná, torí pé nígbà púpọ̀ fáàfù ni, kì í ṣe túbù.

ÌyáỌlọ́rá_Idu

Ọlọ́run yóò bù kún yín. Mo ní ìbéèrè méjì sí i. Bí iná bá lọ nígbà tí róòlù wà ní àárín iṣẹ́, ṣé ṣáàfù kò ní tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀? Ẹ mọ bí iná ṣe rí. Èkejì, ẹni tó ń tajà fún mi ní kí n mú alumíníọ̀mù dípò irin, torí àwọn obìnrin pọ̀ nínú òṣìṣẹ́ mi, àwọn ló sì ń gbé ṣáàfù.

Oníkọ̀ǹpírẹ́sọ̀_Zaria

Ti iná, ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ṣáàfù kì í so mọ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nígbà tó bá ń yí. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń fẹ́ ẹ, fáàfù a sì pa ẹnu dé lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìbọn. Bí iná bá lọ fún wákàtí mélòó kan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣì yẹ kí ó wà níbẹ̀. Èyí tí kò bá lè dúró bẹ́ẹ̀ ti ń jò tẹ́lẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni omi. Ní ìgbà òjò, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ a máa kó omi sínú táǹkì rẹ̀, omi yẹn ni yóò sì bá afẹ́fẹ́ lọ sínú ṣáàfù tí yóò dípẹtà sí sípíríǹgì àti fáàfù. Ẹ máa ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ láràárọ̀ kí omi náà dà nù, kí ẹ sì fi ohun tó ń sẹ́ omi sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré ni ẹ nílò fún ṣáàfù, kò sídìí tí ẹ ó fi ra ńlá.

Ọyẹ́ tún ní tirẹ̀ fún wa ní apá òkè yìí. Páálí a gbẹ, a sún kì, páìpù kan tó wọ ṣáàfù wẹ́rẹ́ ní oṣù kẹjọ a sì lè máa fún mọ́ ọn ní oṣù kìíní, nígbà tí ìrì àti òjò a máa mú kí èyí tí wọ́n tò sórí sìmẹ́ǹtì láìsí pákó lábẹ́ rọ̀ ní ìsàlẹ̀. Ẹ tọ́jú páìpù sínú ilé, lórí pákó.

Tánà_Kakuri

Ọ̀rọ̀ alumíníọ̀mù nìyí. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta ti irin, òtítọ́ sì ni pé ẹ̀yìn àwọn tó ń gbé e yóò sinmi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà ní gígùn àti ní sísanra, alumíníọ̀mù a máa tẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta tí irin yóò fi tẹ̀ lábẹ́ ẹrù kan náà. Ṣáàfù tó bá tẹ̀ ní àárín a máa mú kí ọ̀rá fà le ní ibì kan, kí ó sì dẹ̀ ní ibòmíràn. Gígùn ló tilẹ̀ ń pani jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: bí ẹ bá sọ gígùn di ìlọ́po méjì lábẹ́ ẹrù kan náà, títẹ̀ rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ìwọ̀n ọ̀pá náà láti etí dé etí di ìlọ́po méjì, títẹ̀ náà a wálẹ̀ sí ìdá mẹ́rìndínlógún. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní òkè òkun ti ń lo oníkábọ́ọ̀nù tó fúyẹ́ tó sì le, owó rẹ̀ kò sì bá wa mu.

Fún ìyá wa, ẹ̀rọ ọ̀rá omi kì í fẹ̀ púpọ̀, ṣáàfù rẹ̀ kúrú, róòlù rẹ̀ kò sì wúwo bíi ti ìwé. Mo rò pé alumíníọ̀mù dára níbẹ̀, bí etí rẹ̀ méjèèjì bá jẹ́ irin.

Ẹnjinníà_Sharada

Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ sọ díẹ̀ lórí ṣíṣe ṣáàfù náà níhìn-ín, torí mo mọ̀ pé wọ́n yóò béèrè. Ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún àwọn ènìyàn ni pé kí wọ́n má gbé ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ṣe ní ẹ̀gbẹ́ títì. Lílu ihò gígùn tó gún láàárín ọ̀pá, kí ojú ihò eyín sì jọra ní ìlà, kí ó má sì fì nígbà tó bá ń yí, kì í ṣe iṣẹ́ léètì lásán.

Tánà_Kakuri

O sọ òtítọ́ dé ibì kan, ọmọ mi. Ara rẹ̀, ẹ rà á láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é. Etí rẹ̀ ńkọ́? Etí ni ibi tí ṣáàfù ti ń jókòó sínú ẹnu ẹ̀rọ, ibẹ̀ ló sì ń jẹ kí gbogbo nǹkan tó kù tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Àwa lè gé etí tuntun, kí a sì mú un le nínú iná, ohun tí mo ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà nìyẹn. Eyín irin pẹ̀lú, a ń gé e. Fáàfù àti túbù ni kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti táyà rọ́pò rẹ̀ fún yín.

Ẹ tún wo ẹnu ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, mà. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tó ní ideri tó ń ṣí láti òkè, bíi ti Boschert ti Jámánì àti àwọn tí wọ́n ṣe bíi tirẹ̀ ní Ṣáínà, etí ṣáàfù tó wọ inú rẹ̀ sábà máa ń ní igun mẹ́rin. Ẹ̀rọ ń fi igun yẹn yí ṣáàfù. Bí igun bá ti jẹ, ṣáàfù a máa gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń bẹ̀rẹ̀ tàbí tó ń dúró, ẹ ó sì máa gbọ́ ìró kò-kò-kò. Tí ẹ bá fi ṣáàfù tuntun sínú ẹnu tó ti jẹ, inú oṣù díẹ̀ ni igun tuntun náà yóò ti di ti àtijọ́. Ẹ tún ẹnu ṣe kọ́kọ́. Ewu rẹ̀ kì í ṣe ti iṣẹ́ nìkan: ideri tí kò bá tì dáadáa lè jẹ́ kí ṣáàfù fò jáde pẹ̀lú róòlù lórí rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí ẹnikẹ́ni má dúró sí ọ̀gangan rẹ̀ kí ideri tó tì.

Alátẹ̀wé_Jos

Nítorí àwọn tó ń ka èyí tí wọ́n ń la ọ̀rá sí ọ̀pọ̀ róòlù tẹ́ẹ́rẹ́, ó kù díẹ̀ tí kò tíì sí ẹni tó sọ. Tí róòlù bá ti di mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lórí ṣáàfù kan, ọ̀rá kì í nípọn dọ́gba láti etí dé etí, torí náà àwọn róòlù kan a máa tóbi ju àwọn kan lọ bí iṣẹ́ bá ń lọ. Ṣáàfù aláfẹ́fẹ́ tó di gbogbo wọn mú gírígírí yóò yí gbogbo wọn ní iye kan náà, èyí tó tóbi a fa ọ̀rá jù, èyí tó kéré a dẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe oríṣi kan tí róòlù kọ̀ọ̀kan ń jókòó sórí òrùka tirẹ̀, òrùka náà a sì máa yọ̀ díẹ̀ ní ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ fún un láàyè. Ibẹ̀, yíyọ̀ ni a fẹ́. Ó wọ́n gan-an. Lórí róòlù méjì péré, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tó bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti rí i pé ọ̀rá yín nípọn dọ́gba.

ÌyáỌlọ́rá_Idu

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé n kò ní ra mẹ́rin. Méjì eléyín ni mo fẹ́ rà fún ẹ̀rọ kan, kí wọ́n lè máa to páìpù sórí ọ̀kan nígbà tí èkejì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kejì yóò sì máa lo kóònù lórí iṣẹ́ róòlù kan ṣoṣo. A ó ra páìpù tuntun, èyí tí àárín rẹ̀ bá ti kọjá mìlímítà 77 nínú àwọn àtijọ́ ni a ó sì máa yọ sọ́tọ̀. Bàbá, bí mo bá dé Kánò lọ́jọ́ Ajé, kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Tánà_Kakuri

Ètò yín dára, pàápàá bí ẹ kò ṣe ju kóònù nù. Ẹ mú páìpù yín kan tó dára lọ́wọ́ lọ, ẹ fi bọ ṣáàfù náà, kí wọ́n fẹ́ ẹ dé báà 6 níwájú yín. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì yí páìpù pẹ̀lú gbogbo agbára yín. Kò gbọ́dọ̀ mì. Ẹ fi omi ọṣẹ sí fáàfù, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì bí ẹ bá máa sùn ní ìlú náà. Ẹ wá gbé ṣáàfù sórí irin méjì tí wọ́n gé ní ìrísí V, ẹ yí i, kí ẹ máa wo àárín rẹ̀ pẹ̀lú géèjì oníka tí wọ́n fi ń wo fífì. Ẹ kọ ìwọ̀n igun etí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi wé ẹnu ẹ̀rọ yín tí ẹ ti wọ̀n nílé kí ẹ tó kúrò. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ béèrè túbù méjì àti fáàfù méjì tí ẹ ó fi pamọ́, kí ó sì wọ inú iye owó tí ẹ ń ná.

ÌyáỌlọ́rá_Idu

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, sà. Ọmọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ ń wọn ẹnu ẹ̀rọ lọ́wọ́ báyìí, ó ní igun apá òsì ti jẹ ju ti ọ̀tún lọ. A ó kọ́kọ́ gbé ìyẹn wá fún yín ní Kakuri.